Òkè Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé Peckham fún ọdún bíi mélòó kan á mọ Rye Lane bí ẹní mowó. Á mọ ìsọ̀ tí wọn kì í ti í ta iṣu rírà fún ni, á mọ ẹni tí pọ̀nmọ́ rẹ̀ nípọn, á sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá nawọ́ sí apá gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn pápá Peckham Rye, tí ẹ bi í pé kí ló wà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ wa ni kò ní rí nǹkan kan sọ. Òkè ló wà níbẹ̀. Nunhead ló ṣíwájú, One Tree Hill tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkè tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman wà ní Forest Hill, àti Sydenham Hill tó ga ju gbogbo wọn lọ. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbéni débẹ̀ láti Peckham. Èyí tó sún mọ́ jù, ẹsẹ̀ lásán la fi ń dé e.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gígun àwọn òkè wọ̀nyí ni mo sì ń fi ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ mi ṣe. Mo ń kọ èyí nítorí pé ohun kan dá mi lójú: àwa Yorùbá tó dàgbà sí ìlú yìí jẹ gbèsè ìrìn. A jẹ ara wa, a jẹ àwọn ọmọ wa, a sì jẹ ilẹ̀ tó gbà wá, nítorí pé ìlú téèyàn ò bá fẹsẹ̀ rìn, bó lo ogójì ọdún níbẹ̀, àlejò ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìfẹ̀yìntì wa ṣe ń rí. Ọ̀pọ̀ wa wá sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí agbára ṣì wà lára, a ní ọdún márùn-ún péré la máa lò. Iṣẹ́ gbà wá lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì láago mẹ́rin ìdájí kó tó gba ibi iṣẹ́ kejì lọ. Ẹlòmíràn ń wa bọ́ọ̀sì. Àwa nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ òru, à ń fi ọ̀sán sùn. Ọ̀nà tí a mọ̀ ni èyí tó ti ilé lọ síbi iṣẹ́, èyí tó ti ibi iṣẹ́ lọ sọ́jà, àti èyí tó ti ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí a fi máa pé ọmọ ọdún 66 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìfẹ̀yìntì fún wa, ilé tí à ń kọ́ sílé ti parí tàbí kò parí, àwọn ọmọ ti bímọ síhìn-ín, dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru wa náà wà níhìn-ín. A ò lọ, a ò sì dúró. Àjò ò lè dùn kónílé má relé là ń wí, ṣùgbọ́n orí àga níwájú tẹlifíṣàn la jókòó sí tí a ti ń wí i.

Mo ti rí ohun tí àga yẹn ń ṣe fún èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bó ṣe wà láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kò sì sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ti gbé ìyá tó ti fìgbà kan ru àpò gàrí lórí rìn ní ọjà Ifẹ̀, tí kò lè dìde lórí àga mọ́ àfi kí ẹni méjì dì í mú. Àìsàn nìkan kọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Jíjókòó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ètò ìlera ìjọba ń fún àgbàlagbà ni pé kó rìn tàbí kó ṣe eré ìdárayá tó ń mú kí ọkàn sáré díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kó sì tún máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lókun, tó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró déédéé kó má baà ṣubú. Òkè kékeré kan ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: mímí á yára, itan á ṣiṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á kọ́ bí yóò ṣe dúró lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ti oòrùn ńkọ́? Oòrùn ibí kò tó fún àwọ̀ tiwa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwa tí orírun wa jẹ́ Áfíríkà níyànjú láti ronú lórí lílo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lóòjọ́, jálẹ̀ gbogbo ọdún.

Ní Peckham yìí gan-an ni àwọn dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, ti bi ìbéèrè kan ní 1926 tí oníṣègùn kì í sábà bi. Dípò kí wọ́n béèrè ohun tó ń fa àìsàn, wọ́n béèrè ohun tó ń mú ara le. Ní 1935 wọ́n kọ́ ilé ńlá sí St Mary's Road, ó ní odò ìwẹ̀ láàárín, gíláàsì ló pọ̀ jù nínú ògiri rẹ̀. Ìdílé tó bá ń gbé nítòsí á san ṣílè kan lọ́sẹ̀, àwọn dókítà á máa yẹ ara wọn wò látìgbàdégbà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mú ohun tó bá wù wọ́n ṣe: wíwẹ̀ lódò, ijó, eré, ìsọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún wọn. Ogun tì í pa ní 1939, wọ́n tún un ṣí ní 1946, owó sì tán ní 1950. Ilé náà ṣì wà, àwọn èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Èrò àwọn dókítà náà ni pé bí àyè bá wà, tí ẹgbẹ́ sì wà, èèyàn fúnra rẹ̀ á yan ohun tó ṣe é lóore. Mo gbà wọ́n gbọ́. Àyè ṣì wà ní Peckham, kò sì gba ṣílè kankan lọ́wọ́ wa mọ́.

Ìrìn mi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti pápá Peckham Rye. Ó tẹ́jú, kì í gba agbára, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yá. Ní 1868 ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Camberwell ra pápá náà kí wọ́n má baà kọ́lé kún un, ní 1894 ni wọ́n sì ṣí ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni William Blake, akéwì àti ayàwòrán, ti sọ nígbà èwe rẹ̀ pé òun rí àwọn áńgẹ́lì lórí igi. Lónìí, ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé ló kún orí igi ibẹ̀. Irú wọn wà ní agbègbè Sahel ní Áfíríkà àti ní Íńdíà. Èyí tó bọ́ nínú àgò níhìn-ín ló bí sí i títí wọ́n fi di ará Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù ò lé wọn lọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, igbe ni wọ́n ń ké láti orí igi dé orí igi, inú mi sì máa ń dùn láti gbọ́ wọn.

Láti ibẹ̀ mo lè yà sọ́wọ́ òsì lọ sí itẹ́ òkú Nunhead. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ gba itẹ́ òkú kọjá, ká má tíì sọ pé ká lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ni ibẹ̀ dà. Wọ́n ṣí i ní 1840, ilẹ̀ rẹ̀ tó éékà 52. Ilé iṣẹ́ tó ni ín pa á tì ní 1969, igi hù láàárín ibojì, ìtàkùn bo òkúta. Ní 1975 káńsù Southwark rà á ní pọ́n-ùn kan péré, ní 1981 sì ni àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Òkúta ṣóńṣó kan wà níbẹ̀ láti 1851. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ìrántí àwọn ọkùnrin márùn-ún tí ìjọba kó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1790, nítorí wọ́n ń béèrè pé kí mẹ̀kúnnù ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní ibi tó ga jù, wọ́n máa ń gé ẹ̀ka igi kúrò lójú kan kí àlàfo lè wà. Àlàfo náà ò tóbi. Béèyàn bá dúró níwájú rẹ̀, orùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ló máa rí láàárín ewé, tí gbogbo ilé àti òpópónà tó wà láàárín á sì pòórá.

Ṣùgbọ́n One Tree Hill ni ọkàn mi fà sí jù. Igi óákù kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní jókòó jẹun lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 1602, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n máa pe àdúgbò náà ní Honor Oak. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, 1905 ni wọ́n gbìn ín, wọ́n sì fi irin yí i ká. Òkè náà ga tó nǹkan bíi mítà 90. Ọ̀nà tó le jù níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Augustine gòkè. Igi ni wọ́n fi há etí àtẹ̀gùn náà, amọ̀ ló wà láàárín. Òjò ti jẹ àárín àwọn mìíràn wọnú tó fi jẹ́ pé etí igi yẹn ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bà lé. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn aláìsàn mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún ni èmi náà ń ṣe níbẹ̀: bí a bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó le ni kó ṣíwájú, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dunni ni kó ṣíwájú. Ẹni tó bá di èyí mú, tó sì di irin mú, àtẹ̀gùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á.

Kí òkè yìí tó di ti gbogbo ayé, ìjà ni wọ́n jà. Ní 1896 ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù kan gba ibẹ̀, wọ́n sì fi ọgbà gíga yí i ká. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti ń gbà látọjọ́ pípẹ́ di títì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀ pé bí àwọn bá gba ti òkè yìí, ti pápá tó kàn ló ń bọ̀. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wá ẹ̀rí láti fi pẹjọ́. Ẹjọ́ ń falẹ̀, ara ń kan àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹwàá 1897, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn rọ́ gun òkè náà, wọ́n wó apá kan ọgbà náà lulẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, èrò tó wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ọ̀wọ́ ọlọ́pàá sì dúró dè wọ́n. Àwọn tó wá yìí kì í ṣe ọlọ́lá. Òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, tí ọjọ́ kan ṣoṣo ń bẹ fún lọ́sẹ̀ láti mí afẹ́fẹ́ tí kò ní èéfín. Wọn ò jáwọ́. Ní 1904 ìjọba fi òfin ra òkè náà, ní oṣù kẹjọ 1905 wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí ò dákẹ́, òun ló jẹ́ kí èmi ọmọ Ìdànrè lè gba ibẹ̀ lónìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà nínú òfin ilẹ̀ yìí tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Òfin ojú ọ̀nà ti 1980 sọ pé bí àwọn èèyàn bá ti ń gba ojú ọ̀nà kan fún ogún ọdún gbáko ní gbangba, láìfi ipá gbà á, láìtọrọ àyè, tí onílẹ̀ kò sì fi hàn pé òun kò fọwọ́ sí i, a ó kà á sí pé ọ̀nà náà ti di ti gbogbo ènìyàn. Ẹsẹ̀ lásán ni ẹ̀rí. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń rìn ń ṣe ju pé ó ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ. Ó ń pa ọ̀nà mọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ òkè ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìyá tó bí bàbá mi, orí òkè Ìdànrè ni wọ́n bí wọn sí, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 sì ni èèyàn máa gùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Láyé tiwọn, oko wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè. Ẹrù ni wọ́n ń rù gòkè lálaalẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ kó dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, ààbò ni wọ́n ń wá. Ìbàdàn ń ṣọdún Òkè'Bàdàn títí dòní nítorí òkè tó ṣíji bò wọ́n. Lórí One Tree Hill náà, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n gbé ìbọn ńlá síbẹ̀ láti lé ọkọ̀ òfuurufú àwọn Jámánì padà, pèpéle rẹ̀ ò tíì kúrò níbẹ̀. Ibi gbogbo ni òkè ti ń gbani lọ́wọ́ ọ̀tá. Àwa onígbàgbọ́ pàápàá, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ fún wa, orí òkè la ń sá lọ láti gbàdúrà. Ẹni tó ń lọ sórí òkè nílé láti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tó wá ní òkè Lọ́ńdọ̀nù ò sí fún òun, ẹ bá mi bi í léèrè ìdí.

Bí mo bá ti ibẹ̀ tẹ̀ síwájú, mo máa ń dé Horniman ní Forest Hill. Ọgbà rẹ̀ wà lórí òkè, wọ́n sì ń rí ìlú láti ibẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Benin, wọ́n kó ère idẹ àti eyín erin tó wà láàfin, lẹ́yìn náà ni wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Díẹ̀ nínú ẹrù náà ló bá ara rẹ̀ ní ilé Horniman. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ń wó ọgbà agbágọ́ọ̀fù lulẹ̀ lórí òkè kejì. Ìwà ìgbàlọ́wọ́-ẹni kan náà ni ọgbà yẹn àti ẹrù yẹn jẹ́, àmọ́ ọdún mẹ́jọ ló gbà kí wọ́n tó dá òkè padà fún àwọn tiwọn. Ọdún 125 ló gbà kí Horniman tó dá ẹ̀tọ́ lórí nǹkan 72 padà fún Nàìjíríà, ní oṣù kọkànlá 2022. Mo máa ń ronú lé èyí lórí àga tó wà nínú ọgbà yẹn. Kò sí èyí tó padà fúnra rẹ̀ nínú méjèèjì. Àwọn kan béèrè, wọn ò sì yé béèrè.

Igbó Sydenham Hill ni ti ọjọ́ tí agbára bá wà. Bọ́ọ̀sì 363 ń gba Peckham lọ síhà ibẹ̀. Igbó náà jẹ́ ìyókù igbó ńlá kan tó bo gbogbo òkè yìí láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń pe àdúgbò tó wà níwájú ní Norwood. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan la inú rẹ̀ kọjá lọ sí Crystal Palace láti 1865 títí di 1954 tí wọ́n tì í pa. Ní 1871, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, Camille Pissarro, tó sá fún ogun wá sí Lọ́ńdọ̀nù, dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó ya ibùdókọ̀ Lordship Lane. Àlejò lòun náà, ṣùgbọ́n ó gun òkè, ó wo ilẹ̀ tó gbà á, àwòrán tó yà sì wà títí dòní. Láti 1982 ni ẹgbẹ́ London Wildlife Trust ti ń tọ́jú igbó náà. Nígbà òtútù, ẹrẹ̀ ibẹ̀ á fẹ́ gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn; bó bá di oṣù karùn-ún, òdòdó aláwọ̀ aró ti bo ilẹ̀ lábẹ́ igi; bó bá di oṣù kẹwàá, ewé á máa jábọ́ lé ejìká ẹni. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ òru, òtútù àti ooru nìkan ni mo mọ̀ nínú ìgbà ilẹ̀ yìí. Òkè ló fi àwọn tó kù hàn mí.

Mo mọ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró, orúnkún nìkan kọ́. Ojú tí wọ́n fi máa ń woni ni. Béèyàn dúdú bá dá wọ inú igbó ní orílẹ̀-èdè yìí, ó máa ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n máa ní kó wá sọ ohun tó ń wá. Ọkùnrin kan bi mí rí lórí Sydenham Hill bóyá mo ti ṣìnà ni. Mo ní rárá o, ìsàlẹ̀ yìí ni mò ń gbé. A kí ara wa, ó sì bá ajá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí jù lọ lórí òkè ni ìkíni. Òyìnbó tí kò ní wo ojú yín ní Rye Lane, bẹ́ ẹ bá pàdé lórí ọ̀nà tóóró yẹn, á kí yín. Àwa tí a ní ìkíni fún òjò, fún oòrùn, fún ìjókòó àti fún ìdúró, ó yẹ ká mọ rírì irú ibẹ̀. Ẹ kú ìrìn o ni mo fi ń dá wọn lóhùn lọ́kàn mi, kí n tó sọ ti Gẹ̀ẹ́sì jáde.

Láìpẹ́ yìí mo mú ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin gun One Tree Hill. Ó kéré sí mi díẹ̀, ó sì ti fi ọdún gbọọrọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní àárín gbùngbùn ìlú.

“Ẹ̀gbọ́n, orúnkún mi ò ní gbà á,” ló ń wí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Àbúrò mi, a ò bá ẹnikẹ́ni sáré. Níbi tó bá ti rẹ̀ yín, a ó jókòó.”

A jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé òkè, ojú ọjọ́ mọ́, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa: Shard tó ga mítà 310, St Paul's, àti àwọn ilé gíláàsì tó kóra jọ lápá ọ̀tún. Ó nàka sí ọ̀kan nínú wọn, ó pa ẹnu mọ́ fúngbà díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ilé yẹn lọ́hùn-ún ni mo ti ṣiṣẹ́. Òru ni mo máa ń wọ̀ ọ́, kílẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń jáde. Mi ò tíì rí i báyìí rí láyé mi.”

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó ju èyí lọ lórí ohun tí mò ń sọ. Obìnrin kan lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé kan, ó mọ gbogbo yàrá rẹ̀, ó mọ ibi tí garawa ń gbé, kò sì rí ojú ilé náà látòkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe bá Lọ́ńdọ̀nù gbé. A gbá a, a fọ̀ ọ́, a wà á, a tọ́jú aláìsàn rẹ̀, a sin òkú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò dúró wò ó rí. Ìfẹ̀yìntì ló fún wa láyè báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, kó padà sílé, Ọlọ́run á sìn ín. Ẹsẹ̀ tó bá fi gun òkè níhìn-ín ni yóò fi gun tilé. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró bí onílé, kó má dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Peckham, ní Camberwell, ní Old Kent Road, mo bẹ̀ yín. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òyì ń kọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín. Ẹ ra bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dì mọ́ ilẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń lọ sóde. Ẹ má dá nìkan lọ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ gbé omi dání. Bọ́ọ̀sì 63 láti Peckham á já yín sí Honor Oak, káàdì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún wa láti fi wọkọ̀ á sì gbé yín láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ìyá àti ẹgbẹ́ bàbá nínú ìjọ, ẹ gbé ìpàdé kan kúrò nínú gbọ̀ngàn lóṣù, ẹ gbé e lọ sórí òkè. Ẹ mú ọmọ-ọmọ yín lọ, kí ẹ sọ ìtàn Ìdànrè àti Olúmọ fún un níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ti 1897 fún un, méjèèjì. Àwọn tí a kò mọ̀ ló jà kí ọ̀nà yẹn má baà di títì. Tiwa ò ju pé ká máa rìn ín lọ. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.